Ẹnikẹ́ni Tí Wọ́n Bá Pè Ní "Ẹ"

Ọ̀gbẹ́ni Ìbíkúnlé kì í wá sí pápá bí èèyàn lásán ṣe ń wá. Á kọ́kọ́ páàkì ọkọ̀ rẹ̀ sí ẹnu géètì, á fọn fèrè ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á wá jókòó sínú éàkọ̀n títí àwọn agbábọ́ọ̀lù yóò fi tò sẹ́bàá ọ̀nà láti pàtẹ́wọ́. Ìgbà náà ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ na ẹsẹ̀ kan jáde, bí ẹni tó ń wò ó bóyá ilẹ̀ Wylie tó òun í tẹ̀. Bó bá kọ lẹ́tà, oyè tó máa ń to sábẹ́ orúkọ rẹ̀ máa ń gùn ju lẹ́tà náà lọ: Ààrẹ, Aláṣẹ, Alága Ìgbìmọ̀ Amúṣẹ́ṣe àti Baba Ìsàlẹ̀ Ẹgbẹ́ Àṣá, ẹgbẹ́ béèsìbọ́ọ̀lù àwọn ọmọ Yorùbá ní ìlú Wylie, ní Texas.

Kí ẹ má rò pé ó mọ béèsìbọ́ọ̀lù gbá o. Kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn ló ń tọ́jú, ìyẹn ló mọ̀. Wọ́n fi í ṣe Ààrẹ nítorí pé lọ́jọ́ ìdìbò, òun nìkan ló wọ kóòtù.

Suwebat, akọ̀wé ẹgbẹ́, ló máa ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni Suwebat, ojú rẹ̀ sì máa ń rí nǹkan kéékèèké. Òun ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé Ààrẹ máa ń dijú díẹ̀ bí wọ́n bá ń kí i, bí ọmọ tó ń lá oyin. Ó tún ṣàkíyèsí pé bí èèyàn bá kí i láìfi "ẹ" sí i, etí rẹ̀ a dí lójijì, kò ní í gbọ́ títí onítọ̀hún yóò fi tún un kí. Àmọ́ òun fúnra rẹ̀ kì í pe ẹnikẹ́ni ní "ẹ." Wàhídì, ọkọ Suwebat, fi ọdún mẹ́jọ ju Ààrẹ lọ, síbẹ̀ "Wàhídì, wá" ló máa ń pè é.

Wàhídì yìí ni kẹ́ṣà ẹgbẹ́, ẹni tó máa ń lóṣòó sẹ́yìn ẹni tó mú igi lọ́wọ́, tó ń hán bọ́ọ̀lù tí onítọ̀hún bá gbá tàsé. Ọdún méjìlá ló ti ń lóṣòó síbẹ̀. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Ọláoyè ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Láti Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́ Ẹtì, ọkọ̀ akẹ́rù ni Wàhídì ń wà lórí fíríwè, kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta nìkan ni Suwebat máa ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti òkèèrè.

Lọ́dún tí a ń wí yìí, Àṣá gbá ìdíje mọ́kànlá, wọ́n sì pàdánù mọ́kànlá náà. Ó burú débi pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó máa ń lọ sí àpéjọ àdúrà ní Floyd, tí wọ́n máa ń dárúkọ ẹgbẹ́ náà níwájú Ọlọ́run, ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé àdúrà wọn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́kọ́ gbájú mọ́ ohun tó ṣeé ṣe.

Ẹ jẹ́ ká sọ bí ìkọkànlá ṣe lọ. Ẹnì kan gbá bọ́ọ̀lù sókè réré. Ọláoyè wà lábẹ́ rẹ̀, àwọn méjì mìíràn wà nítòsí, Olúwadámiláre náà sì ń sáré bọ̀. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni Dámiláre, ó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, òun ló sì yá lẹ́sẹ̀ jù. Ó rí i pé òun ni bọ́ọ̀lù náà tọ́ sí, ó wá ké sí Ọláoyè pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí ọmọ tó gbẹ̀kọ́, pé, "Ẹ fi í sílẹ̀, sà."

Ọláoyè fi í sílẹ̀. Àwọn méjì yòókù náà fi í sílẹ̀, nítorí pé ẹni tó bá ní "ẹ fi í sílẹ̀" kò sọ bóyá àgbà kan lòun ń bá wí tàbí gbogbo ayé. Nígbà tí Dámiláre rí i tí àgbà mẹ́ta dáwọ́ dúró, ó rò pé wọ́n ti rí ewu kan, òun náà bá dúró. Bọ́ọ̀lù balẹ̀ sáàárín wọn. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń wò ó bí àlejò tí ẹnikẹ́ni kò pè.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, Ààrẹ pe ìpàdé sínú gáréèjì Ọláoyè.

"Mo dúró lórí gbogbo ìlànà tí a ti fi lélẹ̀," Ààrẹ bẹ̀rẹ̀, ó sì dúró lórí wọn fún ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ìlànà, ó gbé ìka sókè. "Ẹ̀yin ọmọ Àṣá. Ẹ̀yin ẹyẹ tí kò rántí bí a ti í fò. Wákàtí Àtúnkọ́ ti dé. Gbogbo ẹgbẹ́ ńláńlá nílẹ̀ Amẹ́ríkà, bí ilé bá fẹ́ wó lé wọn lórí, kí ni wọ́n ń ṣe? Wọ́n ń kó àwọn àgbà wọn jáde, wọ́n ń fi wọ́n pààrọ̀ ọ̀dọ́. Mo ti rí i lórí tẹlifíṣọ̀n. Èmi Ìbíkúnlé, mo ti rí i."

"Ó ti rí i," ni Adébísí wí. Igbákejì Ààrẹ ni Adébísí, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju kó máa mi orí lọ.

Ọláoyè nawọ́. "Ààrẹ, ẹ jọ̀ọ́, pààrọ̀ báwo? Bí èèyàn ṣe ń dá bàtà tí kò bá a mu padà sí ṣọ́ọ̀bù ni? Ṣé rìsíìtì wa ṣì wà lọ́wọ́ yín?"

Gbogbo gáréèjì rẹ́rìn-ín. Ààrẹ kò rẹ́rìn-ín. Ó fa lẹ́tà kan yọ. Ó ti bá Jessica, òyìnbó obìnrin tó ń darí ẹgbẹ́ Cedar Hill, ṣe àdéhùn. Jessica yóò fún wọn ní ọ̀dọ́ tó lè sáré, àwọn náà yóò fún un ní àgbà tó ní ìrírí, nítorí àwọn tirẹ̀ kéré, wọn kò fara balẹ̀. Líìgì ti fọwọ́ sí i. Orúkọ àwọn àgbà tó ń lọ nìkan ló kù.

Ọ̀rọ̀ yìí gún Suwebat láyà. Láti Wylie dé Cedar Hill, wákàtí kan gbáko ni lórí fíríwè, ọkọ rẹ̀ kò sì ní í lọ jókòó sórí fíríwè lọ́jọ́ tí kì í wakọ̀. Á kàn jókòó sílé ni. Ẹ̀rín Ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn, ó ti lọ nìyẹn. Ká má parọ́, ó mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ Ààrẹ ló jẹ́ ìsọkúsọ. Orúnkún Wàhídì ti ń dún bí ìlẹ̀kùn àtijọ́, òun ló sì máa ń fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Àmọ́ kí èèyàn sinmi yàtọ̀ sí kí wọ́n fi í ránṣẹ́ bí ẹrù.

"Kí gbogbo ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún dìde," ni Ààrẹ wí.

Ẹnikẹ́ni kò dìde. Wọ́n ń wojú ara wọn.

"Ọláoyè, dìde."

"Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógójì ni mí, sà."

"Àkọ́bí rẹ ti di dókítà."

"A tètè bẹ̀rẹ̀ ni."

"Wàhídì, ìwọ ńkọ́?"

"Pásípọ́ọ̀tù mi ní mẹ́rìnlélógójì ni mí," ni Wàhídì wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Èmi kì í bá ìjọba jiyàn."

Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe ọjọ́ orí lórí ìwé nínú ìlú wa yìí, ẹ kò ní í bi wá pé kí ló dé. Ààrẹ rí i pé ọjọ́ orí kò ní í bá òun débì kan. Ó dijú, ó ronú, ó lajú. Gbogbo ènìyàn rí i pé ọgbọ́n ti dé.

"Kọ ọ́ sílẹ̀, akọ̀wé. Ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ yìí, a ó gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú ẹgbẹ́ Plano. Ẹnikẹ́ni tó wà nínú ìwé agbábọ́ọ̀lù wa, tí wọ́n bá pè ní 'ẹ' nínú ọgbà pápá lọ́jọ́ náà, àgbà ni. Kí akọ̀wé kọ orúkọ rẹ̀. Cedar Hill ló ni ín."

Suwebat kọ ọ́, ó sì kà á padà. Ààrẹ tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, ó dùn mọ́ ọn, ó sì fi kún un. "Fi síbẹ̀ pé: láìyọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀."

"Láìyọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀," ni Adébísí wí, ó mi orí.

Fún ọjọ́ mẹ́ta, Suwebat kò lè jẹun dáadáa. Ta ni kò ní í pe Wàhídì ní "ẹ"? Àwọn ọ̀dọ́ tó kọ́ ní bọ́ọ̀lù? Òun ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n ti fẹ́ra láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kò pè é ní "o" rí, kódà nígbà tí inú bá ń bí i. Ó ń sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀ Aishah nídìí síìnkì. Aishah fi èdè Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, pé lọ́dọ̀ tòun, "yú" ni gbogbo èèyàn ń jẹ́, àti tíṣà, àti ológbò, kò sì tíì pa ẹnikẹ́ni.

Suwebat gbé abọ́ tó ń fọ̀ sílẹ̀. Ó mú fóònù, ó pe Ọláoyè. Ọláoyè rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Nígbà tó mí kanlẹ̀, ó bi í pé, "Ààrẹ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Kí la ó máa pè é?"

"Ohun tó bá fẹ́ ká máa pè é náà ni," ni Suwebat wí.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ilé Wàhídì ní Ọjọ́rú. Dámiláre ló ṣòro jù. Bẹ́ẹ̀ ẹ rántí pé bí Wàhídì bá lọ, òun ló máa di kẹ́ṣà.

"Pè mí," ni Wàhídì wí.

"Ẹ̀yin Alhaji."

"Kì í ṣe ẹ̀yin. Èèyàn mélòó ni mo jẹ́?"

"Ẹnì kan ni yín, sà."

"Dámiláre."

"Ẹnì kan ni... ẹnì kan ni ọ́." Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí koríko. "Ẹ má bínú, sà."

"O ti tún bà á jẹ́. Dìde. Bí a bá wà lórí pápá báyìí, bọ́ọ̀lù ti kọjá lọ."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta dé, oòrùn Texas ń fẹjú. Jessica jókòó lẹ́yìn wáyà, ó wá wo ohun tó fẹ́ gbà. Suwebat jókòó nínú ọgbà, ìwé wà lórí itan rẹ̀. Ààrẹ fọn fèrè ọkọ̀. Àwọn agbábọ́ọ̀lù tò, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n sì kí i lọ́kọ̀ọ̀kan bó ti ń wọ inú ọgbà.

"Ẹ káàsán, Ààrẹ."

"Ẹ kú oòrùn, sà."

"Ẹ kú àbójútó wa."

Suwebat ń kọ. Kí a tó gbá bọ́ọ̀lù kan, ó ti kọ orúkọ kan lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlá.

Àwọn tó kù ńkọ́? "Ọláoyè, sún sẹ́yìn." "Wàhídì, bu omi fún mi." Bí ẹni pé gbogbo wọn jọ kẹ́kọ̀ọ́ ní kíláàsì kan náà. Ààrẹ gbọ́ ọ, inú rẹ̀ sì dùn jọjọ. Lójú tirẹ̀, wọ́n ti mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín olórí àti ọmọ ẹ̀yìn níkẹyìn. Ó dijú pátápátá. (A ti ń pe ẹ̀yin òǹkàwé náà ní "ẹ" láti òkè wá. Kí ará Cedar Hill má ṣáà gbọ́.)

Nígbà tí bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀, nǹkan ìyanu kan ṣẹlẹ̀. Ará Plano kan gbá ọ̀kan sókè réré bí ti ìjọ́sí. Dámiláre ké pé, "Ọláoyè, hán an." Ọláoyè kò gbọ́ irú rẹ̀ rí láti ẹnu ọmọ ọdún méjìlélógún. Ìyàlẹ́nu mú un, ó gbé ọwọ́ sókè, bọ́ọ̀lù sì bọ́ sí i. Èkejì tún dé: "Fi í sílẹ̀, Ọláoyè, tèmi ni." Ẹnì kan fi í sílẹ̀, ẹnì kan mú un. Kò sí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ronú bóyá òun wà nínú "ẹ" yẹn. Nígbà tí wọ́n dé ìpele kẹjọ nínú mẹ́sàn-án, Àṣá ti ń fi ẹyọ kan borí.

Ibẹ̀ ni bọ́ọ̀lù kan ti yí gba etí igi, tó sì lọ bá Wàhídì ní ọ̀fun. Ó ṣubú sẹ́yìn. Kò mira.

Suwebat ti dìde kó tó mọ̀. Ẹnu rẹ̀ ti là. "Ṣé ẹ" ti wà lórí ahọ́n rẹ̀, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ń tì í jáde. Gbogbo agbábọ́ọ̀lù yí ojú sí i. Ààrẹ la ojú, ó na ọrùn láti gbọ́ dáadáa. Suwebat gbé ọ̀rọ̀ náà mì bí egungun ẹja.

"Wàhídì," ni ó wí, "ṣé o ò fara pa?"

Wàhídì ṣí ìbòjú irin tó wà lójú rẹ̀. Ó wo ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ìyàwó ọ̀ṣìngín. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀ débi pé ó ní láti di orúnkún mú.

"Mi ò fara pa, Suwebat," ni ó wí. "Tún mi pè."

Ààrẹ ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Akọ̀wé. Ọkọ rẹ lo ń pè ní 'o' níwájú gbogbo ayé?"

"Inú pápá la wà, sà," ni Suwebat wí. "Ẹ lọ jókòó."

Ó sì kọ orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Àṣá borí. Àwọn fúnra wọn kò mọ bí wọ́n ṣe ń yọ̀, nítorí kò mọ́ wọn lára. Ọ̀dọ́ kan ní, "Ṣé ó ti parí ni?" Ṣùgbọ́n Ààrẹ kò fi ìyẹn ṣe nǹkan kan. Ó pe gbogbo wọn jọ, ó pe Jessica wọlé, ó sì dúró lórí gbogbo ìlànà. "Akọ̀wé, ka orúkọ àwọn àgbà."

Suwebat tún gíláàsì ojú rẹ̀ ṣe. "Ìbíkúnlé," ni ó kà. Ó sì pa ìwé dé.

"Tẹ̀síwájú."

"Ó ti parí, sà. Ìgbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Mo lè ka wákàtí wọn fún yín bí ẹ bá fẹ́. Ó ti di mẹ́rìndínlógún nìyẹn."

Ààrẹ wo Adébísí. Adébísí fẹ́ mi orí, kò mọ apá ibi tí yóò mi ín sí.

"Èmi kì í ṣe agbábọ́ọ̀lù," ni Ààrẹ wí.

Ọláoyè kẹ́dùn bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń dun òun náà. "Ẹ̀yin lẹ ní ẹ kò lè jókòó lẹ́yìn wáyà pẹ̀lú àwọn ará òde, Ààrẹ. Líìgì ní agbábọ́ọ̀lù, kóòṣì àti akọ̀wé nìkan ló lè wọlé. Ẹ ní kóòṣì kò tó yín, ẹni tí wọ́n ń rán níṣẹ́ ni. Ẹ ní ká kọ yín sí nọ́mbà kìíní. Ẹ̀wù náà ló wà lọ́rùn yín yẹn."

Gbogbo wọn wo ẹ̀yìn ẹ̀wù náà. Nọ́mbà kìíní ló wà níbẹ̀, ó tóbi.

"Òfin yẹn kò kan èmi."

Suwebat ṣí ìwé padà. "Láìyọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀," ni ó kà.

Jessica béèrè lédè Gẹ̀ẹ́sì bóyá ọkùnrin yìí lè hán bọ́ọ̀lù. Wọ́n ní rárá. Bóyá ó lè sáré. Wọ́n wojú ara wọn. Kí ló lè ṣe gan-an? Ọláoyè ní ó lè sọ̀rọ̀. Jessica yí i po lẹ́ẹ̀kan, ó ní òun kò lè fi ọ̀dọ́ kankan sílẹ̀ fún eléyìí, ṣùgbọ́n ẹnì kan ti dín nínú ẹgbẹ́ òun, àdéhùn sì ni àdéhùn. Òun yóò fún wọn ní àpò bọ́ọ̀lù kan. Méjìlá ló wà nínú rẹ̀, mẹ́ta ti ya.

Gbogbo Àṣá rò pé Ààrẹ yóò bẹ́. Ojú rẹ̀ ti ń pọ́n. Jessica, tí kò mọ irú ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, wá sọ pé ní Cedar Hill, bí ẹnì kan bá ti ń lọ mú igi, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ni wọ́n fi máa ń kéde orúkọ rẹ̀.

Ìbíkúnlé gbé ojú sókè. "Gbogbo pápá ló máa ń gbọ́ ọ?"

Títí dé ọ̀nà, ni Jessica wí.

Ó bá a lọ.

Àṣá kò yan Ààrẹ mìíràn. Adébísí mi orí sí i. Wàhídì àti Dámiláre jókòó sórí koríko lọ́jọ́ kan, wọ́n pín iṣẹ́ náà: àgbà yóò lóṣòó ní ìpele márùn-ún àkọ́kọ́, ọmọ yóò gba mẹ́rin tó kù. Kò sí lẹ́tà, kò sí ìlànà. Orúnkún Wàhídì ló dá a lábàá, etí rẹ̀ sì gbọ́. Wọ́n ń borí nígbà mìíràn, wọ́n ń pàdánù nígbà mìíràn, bí ẹgbẹ́ gidi.

Ọ̀sẹ̀ keje ni wọ́n lọ bá Cedar Hill gbá. Suwebat jókòó lẹ́yìn wáyà, nítòsí ọkọ rẹ̀ tó lóṣòó. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn han, ó sì kéde ẹnì kan tó ń jẹ́ "Ábì Kọ́nlì." Ìbíkúnlé jáde wá pẹ̀lú igi. Ó ti rù díẹ̀. Àwọn ọmọ tó wà lórí béǹṣì rẹ̀ ń ké pé, "Ábì, lajú," wọ́n kéré sí ọmọ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò pàtẹ́wọ́.

Ìgbà mẹ́ta ni èèyàn lè tàsé kó tó jáde. Ó tàsé ẹ̀ẹ̀kan. Ó tàsé ẹ̀ẹ̀kejì. Ó tún ọwọ́ mú igi, òógùn sì ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀.

Láti ilẹ̀, láti inú ìbòjú irin, Wàhídì sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Ààrẹ. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà?"

Igi sọ̀ kalẹ̀. Ìbíkúnlé yí padà tán pátápátá, ó kẹ̀yìn sí ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù. Ó wo ọkùnrin tó lóṣòó sílẹ̀ náà bí ẹni tó ń rí i fún ìgbà àkọ́kọ́.

"A dúpẹ́, Alhaji," ni ó wí. Bọ́ọ̀lù kọjá lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ró pọ́ nínú ìbọ̀wọ́ Wàhídì. Rẹfirí gbé ọwọ́ sókè pé ó ti jáde. Ìbíkúnlé kò gbọ́. "Orúnkún yín ńkọ́?"

Suwebat kò tíì gbọ́ "yín" yẹn rí láti ẹnu rẹ̀ sí èèyàn kan ṣoṣo. Wàhídì di bọ́ọ̀lù náà mú, kò dìde. Ó ní orúnkún dúpẹ́. Ìbíkúnlé béèrè Aishah, ó béèrè Alhaja, ìyàwó rẹ̀ tó jókòó lẹ́yìn wáyà níbẹ̀, ó béèrè iṣẹ́ ọkọ̀ àti ojú fíríwè. Wàhídì ń dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, rẹfirí sì dúró tì wọ́n, kò mọ ohun tí òfin líìgì sọ nípa irú èyí.